Àwo Tí Ó Dákẹ́

"Tíṣà Xu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi buwọ́ lu ìwé yìí. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó àwọn iṣẹ́ wa lọ ti ń dúró lẹ́nu géètì."

Mo gbójú sókè kúrò lórí ìwé ìdánwò mẹ́tàléláàádọ́ta tí mo ń máàkì. Lei Wanqing ló dúró níwájú mi. Òjò ti pa á, omi ń kán tó-tó-tó láti orí irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé mọ́ àyà gbẹ. Ó ti fi táwẹ̀lì wé e, ó tún fi ọ̀rá wé e lé e lórí. Mo ní kó tú u kí n rí i.

Àwo pẹrẹsẹ kan ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ pa pọ̀ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Gbogbo ojú rẹ̀ ló sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú dídán tí wọ́n fi bò ó, bí ìsàlẹ̀ odò tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú omi rẹ̀ lọ: ìlà ńláńlá tó dúdú, àti ìlà tín-ín-rín tó pọ́n bí omi tíì láàárín wọn. Bí o bá fi ìka pa á, ìka rẹ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun sán. Ojú nìkan ló ń rí i.

"Ìwọ lo mọ èyí?"

"Èmi ni, Tíṣà."

Wọ́n kọ ọ́ sára fọ́ọ̀mù náà gbàgàdà pé: Mo jẹ́rìí pé ìṣojú mi ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ṣe iṣẹ́ yìí. Èdè àti lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ wọn. Láti ìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì tẹ ẹsẹ̀ mi sí yàrá tí wọ́n ti ń mọ amọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń fun fèrè, ìwé ìdánwò ń dúró dè mí, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ tí n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo buwọ́ lù ú. Bí èmi náà ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, n kò sì ní fi bò fún yín.

Iṣẹ́ amọ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Xikeng, abúlé wa tó wà láàárín àwọn òkè Longquan. Ẹni tí kò bá mọ amọ̀, á ṣẹ́ igi tí wọ́n fi ń dáná sí i. Ẹni tí kò bá ṣẹ́ igi, á di àwo sínú páálí fún àwọn tó ń tà á. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Bàbá Lei Dehai, bàbá tó bí bàbá Wanqing.

Nígbà tí bàbá yìí wà ní ọ̀dọ́, ogójì ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn nígbà tí ọkọ́ rẹ̀ ba bíríkì ààrò àtijọ́ tó ti wó. Abẹ́ àwọn bíríkì yẹn ló ti rí àwo kan, odindi, tí ojú rẹ̀ sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí etí rẹ̀ kò tiẹ̀ ṣẹ́ bíńtín. Ìròyìn tàn. Ọkùnrin oníṣòwò kan wá láti etí òkun, ó ní òun á fi alùpùpù tuntun gbà á, nígbà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ mẹ́rin péré ló wà ní gbogbo abúlé wa. Bàbá ní rárá. Ó ní, "Ohun tí àwọn baba ńlá wa mọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gùn kiri." Ó fi aṣọ òtútù rẹ̀ wé àwo náà, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú, ó sì gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí kan àti fúláàsìkì omi gbígbóná tí wọ́n ya òdòdó pupa sí lára.

Ẹ̀rín pa gbogbo abúlé. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Onífúláàsìkì. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kò bínú. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ́jú sàréè àwọn baba wọn tán ní oṣù kẹrin, yóò wọ ẹ̀wù búlúù rẹ̀, yóò wọkọ̀ lọ sí ìlú, yóò sì dúró níwájú gíláàsì tí wọ́n fi bo àwo náà. Ètè rẹ̀ á máa mì bó ṣe ń ka káàdì ìsàlẹ̀ rẹ̀: Ẹ̀bùn Lei Dehai, ará Xikeng. Lẹ́yìn náà, á padà sílé.

Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi gbìyànjú láti mọ irú rẹ̀. Àìmọye ló fọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sún mọ́ ọn, ìyẹn sì ti lé ní ọdún méjìlélógún. Kò tà á, kò kọ orúkọ sí i nídìí. Ó fi aṣọ wé e sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀.

Àwo inú àpótí yẹn ni Wanqing gbé wá fún mi nínú òjò.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Wanqing nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà ní etí òkun ni bàbá àti ìyá rẹ̀ wà. Ọdún tuntun nìkan ni wọ́n ń wálé. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà, tó ń fi amọ̀ ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà yá ju sùúrù rẹ̀ lọ. Ìṣirò ni kò mọ̀ rárá, ìdánwò àṣewọlé sì ń bọ̀ ní oṣù kẹfà. Nígbà tí a gbọ́ pé ìdíje iṣẹ́ ọnà kan wà fún àwọn ọ̀dọ́, pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ní agbègbè wa yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Hangzhou láì san kọ́bọ̀ àti láì ṣe ìdánwò mìíràn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé wọ́n ti gbà á.

Ẹni kan ṣoṣo ló lè bá a du ipò náà: Pan Xiuli, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ọmọ obìnrin tó ń ta wàrà sóyà lẹ́bàá afárá. Ọwọ́ Xiuli kò yá, ṣùgbọ́n ó lè jókòó ti amọ̀ bí adìẹ tó sàba. Àwo tirẹ̀ nípọn díẹ̀, sísán ojú rẹ̀ sì rí gbàràgbàrà. Ọ̀sẹ̀ tó yọ ọ́ nínú iná, ó gbé e wá sí kíláàsì mi. Bí a ṣe ń kàwé lọ́wọ́, a gbọ́ ọ, "Tín." Kíláàsì dákẹ́. "Tín. Tín-tín."

"Xiuli, àwo ẹ ń pè ẹ́ o!" ọmọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Èmi kọ́ ló ń pè," Xiuli dáhùn láì wo ẹ̀yìn. "Ìwọ ló ń pè. Ó ní kó o lọ wẹ ẹsẹ̀ ẹ."

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, mo ní kó ṣàlàyé fún wa. Ó ní amọ̀ àti dídán tí wọ́n fi bò ó kì í sún kì bákan náà bí wọ́n bá ti kúrò nínú iná. Dídán náà a máa sán díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn ní oṣù dé oṣù, bó bá sì ti ń sán ni yóò máa ké. "Àwo tuntun kì í lè pa ẹnu mọ́, Tíṣà," ni ó wí. Wanqing wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ bí gbogbo wa ṣe gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sunday tó ṣáájú ọjọ́ tí wọn yóò kó iṣẹ́ lọ, Wanqing ṣí ààrò. Àwo mẹ́ta ló fi síbẹ̀. Méjì ti là sí méjì nítorí pé ó mọ wọ́n fẹ́lẹ́ jù. Ẹ̀kẹta ti lẹ̀ mọ́ ohun tó fi gbé e ró, kò ṣeé ṣí. Bàbá rẹ̀ àgbà ti gun òkè lọ láti wa ọ̀mùnú ọparun. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àfọ́kù lọ́wọ́, ó sunkún títí omi ojú tán. Lẹ́yìn náà, ó wọ yàrá.

Kò sí ẹni tó rán an, kò sì sí ẹni tó tì í. Ó sọ fún mi nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán pé òun kàn fẹ́ wò ó lásán ni, kí òun lè rántí bó ṣe yẹ kó rí. Ó gbé e sórí itan. Ó fi aṣọ nù ún. Nígbà tí Bàbá dé pẹ̀lú agbọ̀n ọ̀mùnú lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ọ̀kan yè! Mo ti gbé e lọ sílé ìwé."

"O ò jẹ́ kí n rí i?"

"Àkókò ti lọ ni, Bàbá. Ẹ máa rí i."

Bàbá rí i.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n kéde pé Lei Wanqing ló ṣe ipò kìíní, tí Pan Xiuli ṣe ipò kejì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní àwọn yóò gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ náà sójú ìran, pé ti ipò kìíní yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo àtijọ́ gan-an, kí aráyé lè rí i pé ọgbọ́n àwọn baba wa kò tíì kú. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa lọ, Bàbá Lei kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. "Ọmọ ọmọ mi ni o. Ẹ̀gbẹ́ àwo yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé tiẹ̀ sí. Èmi tí mo ti ń wá a láti ìgbà èwe!" Ó ti bọ́tìnnì ẹ̀wù búlúù rẹ̀ dé ọrùn. Wanqing jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ojú rẹ̀ funfun bí aṣọ òkú. Mo rò pé ọkọ̀ ló ń kọ́ ọ lójú.

Nígbà tí a wọlé, Bàbá kọ́kọ́ lọ wo àwo àtijọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń kí àgbà kó tó kí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí gíláàsì kejì. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń mì: "Lei Wanqing, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún..." Ètè náà dúró. Ó wo àwo náà, ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ó sì mú ọwọ́ kúrò bí ẹni pé gíláàsì jó o. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

Màdáámú Jin, ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, wá ṣí gíláàsì kí wọ́n lè ya fọ́tò. Obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé àwo ni, ó sì ní ìwà kan: bó bá ti gbé àwo sísán, yóò gbé e sétí. Ó gbé ti Wanqing sétí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà rọra lọ kúrò lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo yọ èyí nínú iná?"

"Oṣù... oṣù tó kọjá, Mà."

"Oṣù tó kọjá. Ti ọ̀rẹ́ ẹ ló wà lórí tábìlì yẹn, láti ìjẹta tó ti dé, olùṣọ́ wa ò gbádùn. Ó ní iwin wà nínú ilé." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màdáámú Jin kò rẹ́rìn-ín. "Èyí dákẹ́ bí òkúta. Bàbá Lei, nínú gbogbo wa níbí, ẹ̀yin lẹ mọ amọ̀ jù. Ṣé ọmọ yìí ló mọ àwo yìí?"

Ogún ọdún ni mo ti mọ bàbá yìí, n kò sì gbọ́ kí ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Òun ni," ó wí. "Mo jókòó tì í."

Bàbá àti Wanqing ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Xikeng. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, Wanqing ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. Bàbá se ìrẹsì, ó bu tirẹ̀ fún un, ó ní kó jẹun.

"Bàbá, ẹ bínú sí mi. Ẹ nà mí. Ẹ má kàn dákẹ́ báyìí."

"Jẹun."

"Bàbá!"

Ó gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. "Àwo yẹn, ká ní o bẹ̀ mí, ǹ bá ti fún ẹ kí o gbé e lọ sílé ọkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọwọ́ mi ló ti wá. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fi jẹ́rìí èké lónìí, mi ò ní òmíràn nínú àpótí." Ó mu omi. "Láàárọ̀ ọ̀la, a máa jọ lọ bá Jin. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Èmi á kàn dúró tì ẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ilé ìwé dé ná. Oṣù kan péré ni. Tí mo bá ti wọlé tán, màá sọ ọ́. Mo fi ojú yín búra."

"Má fi ojú mi búra. Kò ríran dáadáa tẹ́lẹ̀."

Ó dúró dè é. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, nítorí ìfẹ́. Ní àràárọ̀, yóò wo ọmọ náà láti orí abọ́ ẹ̀kọ ìrẹsì, kò ní sọ nǹkan kan. Ní àràárọ̀, ọmọ náà yóò gbé báàgì kọ́ ọrùn, yóò jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, jíjí tó jí àwo kò burú tó ọgbọ̀n àárọ̀ yẹn. Èèyàn a máa ṣìnà lójijì. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ìgbà ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Wanqing kó padà, ọgbọ̀n ìgbà ló sì gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá.

Lẹ́tà kò dé. Màdáámú Jin ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rántí pé ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ya fọ́tò àwọn amọ̀kòkò abúlé wa àti iṣẹ́ wọn, ó sì ti wá ìwé àkójọ fọ́tò náà títí ó fi rí i nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Ó tẹ́ fọ́tò méjì síwájú mi. Sísán ojú àwo dà bí ìlà àtẹ́lẹwọ́; kò sí àwo méjì tí tiwọn dọ́gba. Mo fi ìka tọ ìlà dúdú kan nínú fọ́tò àtijọ́, láti etí àwo dé àárín, níbi tó ti yà sí mẹ́ta. Mo tọ ọ́ nínú fọ́tò tuntun. Ó yà sí mẹ́ta ní ibi kan náà.

"Tíṣà," Màdáámú Jin wí, "orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù."

"Orúkọ mi ni."

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Wanqing. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ mi fún ọdún kan, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ tó wá láti Hangzhou kò fi ààyè náà fún Xiuli. Wọ́n ní níbi tí olùkọ́, àgbà àti ọmọ ti pa irọ́ pọ̀, àwọn kò ní mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lọ́dún yìí. Xiuli wá bá mi ní ọ́fíìsì, ìyẹ̀fun sóyà wà lára apá aṣọ rẹ̀.

"Tíṣà, kí ni mo ṣe?"

Ó ṣe ìdánwò oṣù kẹfà, ó fi máàkì mọ́kànlá pàdánù. Nígbà tí oṣù keje fi máa parí, ó ti wà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ìbọ̀sẹ̀, ọ̀nà wákàtí mẹ́rin sílé. Wanqing náà ṣe ìdánwò kan náà, ó fìdí rẹmi pátápátá.

Ó ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìyà náà yóò mọ. Àwọn àgbà ní iná kì í wọ igbó kó yan igi tó máa jó. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ kan kó tó wọkọ̀ padà: "Ọkùnrin tó lè mọ irú àwo yìí, tó sì lè wo ojú gbogbo wa purọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òun náà ló mọ èyí tó gbé wá lógójì ọdún sẹ́yìn?"

Kò sí ẹni tó yẹ àwo àtijọ́ yẹn wò rí ju pẹ̀lú ojú lọ, ẹni tó sì fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò ti kú. Wọ́n gbé àwo náà kúrò lójú ìran, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú ńlá láti mú bíńtín lára amọ̀ ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n yọ káàdì náà.

Ní Xikeng, ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ rárá kó tó di orin. Zheng tó ń ta ewé tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ló burú jù. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Onífúláàsìkì! Àṣé àwo àná lẹ fi gba fúláàsìkì ìjọba! Àwa la jẹ́ òmùgọ̀, tí a rò pé ẹ̀yin ni!" Bàbá tó ti bá wọn rẹ́rìn-ín fún ogójì ọdún kò bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó yà sí ọ̀nà oko, láti ọjọ́ yẹn ni kò sì gba ojú afárá mọ́.

Ìgbà yẹn ni Wanqing tó jẹ́wọ́. Ó kọ ìwé ojú ewé mẹ́ta, ó gbé e fún Màdáámú Jin fúnra rẹ̀, ó lẹ ọ̀kan mọ́ pátákó ìkéde abúlé, ọ̀kan mọ́ ẹnu géètì ilé ìwé: Èmi ni mo jí àwo. Bàbá mi àgbà purọ́ nítorí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Àwo tó gbé fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, inú ilẹ̀ ló ti wú u.

Àwọn èèyàn kà á. Zheng náà kà á sókè ketekete. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ọmọ tó parọ́ ní oṣù kẹrin, ta ni kó gbà á gbọ́ ní oṣù karùn-ún?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ, olùṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fóònù mi pé kí n wá mú bàbá kan lọ sílé. Mo bá a níbi tó dúró sí, nínú ẹ̀wù búlúù rẹ̀, níwájú gíláàsì tó ṣófo. Wọn kò tíì pa iná inú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Tíṣà, inú ò bí mi pé wọ́n gbé e lọ. Àwo mọ ọjọ́ orí ara ẹ̀, á padà wá. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n pè mí sínú ọ́fíìsì, wọ́n bi mí pé, 'Ṣé ẹ̀yin lẹ mọ ọ́n?' Mo ní rárá. Wọ́n wá wo ara wọn lójú." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "Ọdún méjìléláàádọ́rin ni mo ti lò láyé. Kò sẹ́ni tó wo ẹnì kejì ẹ̀ lójú rí bí mo bá sọ̀rọ̀ tán."

Kò dáná sí ààrò mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Dókítà sọ orúkọ àìsàn kan, n kò rántí rẹ̀. Èmi ní orúkọ tí mo ń pè é.

Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn. Mo gbé ọsàn lọ kí i. Wanqing jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń fi ṣíbí fún un ní omi. Bàbá la ojú.

"Wanqing. Ṣé wọ́n ti dá a padà?"

Ọmọ náà wò mí. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí pé ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Bàbá yóò rẹ́rìn-ín, yóò pa ojú dé, yóò lọ ní àlàáfíà. Mo mi orí sí i pé kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi, olùkọ́ rẹ̀, mo tún ń ti ọmọ náà lọ sí ọ̀nà kan náà.

Wanqing gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Rárá, Bàbá. Èsì kò tíì dé."

Bàbá wò ó. "Ó dáa," ó wí. "O ṣé." Ó sì yí ojú sí ògiri. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ.

Ìgbà mélòó ni mo ti bi ara mi bóyá ọmọ náà ṣe dáadáa! Lọ́jọ́ kan, mo bi í. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan ni Bàbá purọ́ nítorí mi, ó sì pa á. Mi ò lè fi irọ́ mìíràn sin ín." Omi dé ojú rẹ̀, kò dà. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ sọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, èsì dé. Àwo náà ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Màdáámú Jin gbé lẹ́tà wá sí Xikeng fúnra rẹ̀, Wanqing sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kà á lẹ́nu afárá, ní ọjọ́ ọjà. Ó kà á. Àwọn èèyàn ń wo bàtà ara wọn. Zheng ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé mo ti sọ fún yín? Mo mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Bàbá Lei kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀." Ó sì padà sídìí ewé tíì rẹ̀. Àwo náà ti wà nínú gíláàsì rẹ̀ báyìí, káàdì náà sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó máa ń lọ kà á ni kò sí.

Nígbà ọdún tuntun, Xiuli wálé. Wanqing ti kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i, kò rí èsì kan. Ó ní kí n sin òun lọ. Xiuli ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù, ó ti gé irun rẹ̀ kúrú, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún un ní ìka méjì. Wanqing kúnlẹ̀ sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, nínú òtútù, ó sọ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ. Xiuli gbọ́ ọ tán. Ó fà á dìde, ó gbọn ìdọ̀tí orúnkún rẹ̀ dànù fún un.

"Mo ti gba àwọn lẹ́tà ẹ. Mo ti dárí jì ẹ́, Wanqing, tọkàntọkàn ni. Àmọ́ jọ̀ọ́, má wá sílé wa mọ́. Tí màámi bá rí ẹ, wọn ò ní lè jẹun."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ yín pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ìyókù fún yín: ní ọjọ́ tí òtítọ́ bá bá irọ́, kì í ṣe ẹni tó pa irọ́ nìkan ló máa bá lójú ọ̀nà. Ó lè bá bàbá arúgbó tí kò ṣe ju pé ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó lè bá ọ̀rẹ́ tó ń jókòó ti iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí o bá ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìtìjú náà ṣì jẹ́ tìrẹ nìkan. Wanqing sọ ọ́ lẹ́yìn oṣù kan. Òótọ́ ló sọ, gbogbo ayé ló sì ti gbà á gbọ́ báyìí. Kò dá ẹnì kankan padà fún un.